Ẹmu Àárọ̀, Ẹmu Alẹ́

Ọ̀rọ̀ ọtí ni a gbé ka iwájú yín ní alẹ́ òní. Kì í ṣe ti ìmutípara, bí kò ṣe ti ẹni tí ó tọ́ ọtí tuntun wò, tí ó sì lè sọ ohun tí ọtí náà yóò dà lọ́jọ́ iwájú.

Ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìkórè àjàrà, àwọn oníṣòwò a lọ tọ́ wáìnì pupa wò láti inú àgbá, kí a tó rọ ọ́ sínú ìgò. Wáìnì náà a máa gan ẹnu bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, nítorí èròjà kan tí ó ti ara èèpo àti kóró àjàrà jáde. Gígan yìí gan-an ni wọ́n ń wá. Bí ó bá pọ̀, tí kíkan àti adùn èso sì bá a dọ́gba, wọn a ní wáìnì náà lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1855 ni wọ́n ti to àwọn oko wáìnì pupa tí ó lókìkí jù níbẹ̀ sí ìpele márùn-ún.

Ní Òrè àti Odígbó, ahọ́n àwọn àgbà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, àfi pé wákàtí ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọdún. Omi dídùn ni ó ń kán láti ara ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ìwúkàrà inú akèrègbè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí adẹ́mu tó fi igbà sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, adùn ti dínkù, agbára ti wọlé. Ní ọjọ́ kejì, kíkan ti gba gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ra ẹmu ìgbéyàwó láàárọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá yóò dúró de ìrọ̀lẹ́. Àgbà a kọ́kọ́ gbé etí sí ẹnu akèrègbè, kí ó gbọ́ bí ó ti ń hó. A wo ìfófó rẹ̀, bóyá ó ki. Lẹ́yìn náà ni yóò tó tọ́ ọ wò. Bí adùn ṣì borí, alẹ́ ni ẹmu náà yóò tó le. Bí ó bá ti ń ta ahọ́n láàárọ̀, kí a tètè mu ún. Èyí tí ó dùn rinrin tí kò sì ní ìfófó, a jẹ́ pé wọ́n ti bu omi àti ṣúgà sí i, bí ẹlẹ́mu tilẹ̀ ń búra pé ọ̀pẹ òun ni ó dùn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Pasteur, ni ó kọ̀wé ní 1866 pé bí a bá fi iná díẹ̀ kan wáìnì, kì yóò bàjẹ́. Ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ wa lò fún ẹmu. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, tí ó wà ní ẹ̀bá ìlú Benin, rọ ẹmu sínú ìgò fún títà. Kì í tètè kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti kú sínú rẹ̀. Ní tèmi, ẹmu tí kò hó mọ́ ti di nǹkan mìíràn.

Ọ̀nà kejì tí a fi gba ẹmu lọ́wọ́ kíkan ni kí a sè é di ògógóró. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnukọlẹ̀ káàkiri ayé ní àwọn ọdún 1930, owó epo pupa já wálẹ̀, jíìnì òkè òkun sì gbówó lórí. Àwọn ènìyàn bá ń se ẹmu nínú àgbá, wọ́n ń gba ooru rẹ̀ kọjá nínú páìpù tí omi tútù ń tù, títí yóò fi máa kán. Ògùrọ̀ inú àbàtà pọ̀ fún iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Ùròbò tí ó wá ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ níbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn ìjọba aláwọ̀ funfun fọwọ́ sí ní Saint-Germain ní 1919 ti ka sísè ọtí líle léèwọ̀ ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tí ó kàn wá. Ẹ wo ọ̀ràn náà dáadáa: jíìnì wọn ń wọlé, ó ń san owó ibodè fún ìjọba, tiwa ni ó di ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́pàá ń fọ́ ìkòkò, adájọ́ ń rán ènìyàn lẹ́wọ̀n, iṣẹ́ náà sì sá wọ inú igbó, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti tó o.

Àwọn tí ó ń mu ún ní ọ̀nà ìdánwò tiwọn. Wọn a mi ìgò kí wọ́n wo bí ìfófó rẹ̀ ti ń pẹ́ tó. Wọn a dà díẹ̀ sí iná, bí ó bá jó, wọn a ní ojúlówó ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kan náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn kan, ojú wọn ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú kí ọjọ́ kejì tó mọ́. Àwọn tí ó kú lé ní 15. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Àwọn mìíràn fura sí oògùn apako. Àyẹ̀wò ni ó fi hàn pé methanol ni, nínú ọtí líle tí wọ́n mu. Methanol ń jó nínú iná bí ọtí gidi ti ń jó, adùn àti òórùn rẹ̀ kò sì jìnnà sí tirẹ̀. Ahọ́n tí ó lè sọ wákàtí tí ẹmu yóò kan kò lè mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ tún ka ògógóró léèwọ̀.

Akèrègbè kan nìyí níwájú mi. Adẹ́mu tí ó gbé e wá láti Odígbó wí pé aago mẹ́fà àárọ̀ ni òun sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ sì ti lù. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá wa gbé etí sí i.