Àwọn Onífìlà Pupa Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 15 oṣù January bá pé, tí ìjọba ń ṣe ìrántí àwọn ológun tó kú sójú ogun, bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Òmù-Àrán tí kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Yóò kírun Àsùbáà, yóò padà sílé, yóò gbé fìlà pupa kan jáde láti inú àpótí, yóò gbọn eruku ara rẹ̀, yóò sì gbé e lé orí eékún rẹ̀. Kò ní dé e. Ní ọdún kan, ọmọ ilé-kéú mi kan tí mo rán sí i bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé ṣọ́jà ni yín ni àbí ọlọ́pàá?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ṣọ́jà ní ọlọ́pàá ni mí. Àwọn ọlọ́pàá ní ṣọ́jà ni mí. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí n jẹ́ tòun nínú wọn."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ jókòó tì í lẹ́yìn ìrun Àlíásárì, bí iṣẹ́ ilé-kéú bá ti parí. Nígbà mìíràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Ẹ̀sìẹ́, tí òun náà jẹ́ ọlọ́pàá ológun, máa ń wá kí i. Bí ọ̀kan bá ní ọdún 1966 ni nǹkan ṣẹlẹ̀, èkejì yóò ní rárá o, 1967 ni, wọn yóò sì fi ìyẹn jà títí Màgàríbà yóò fi dé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ kò jọ èyí tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ìbọn kì í pọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni láti mú ṣọ́jà tó bá ṣẹ̀, láti darí ọkọ̀ ogun lójú ọ̀nà, láti ṣọ́ àwọn tí a kó lójú ogun, àti láti rí i pé ẹni tó gbé ìbọn kò fi ìbọn náà gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí le ju iṣẹ́ ẹni tó dojú kọ ọ̀tá lọ, nítorí ọ̀tá kì í bá ọ jẹun alẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi yóò yọ ṣùtì sí èyí. Lásìkò ìjọba ológun, ojú wa rí ṣọ́jà tó ń fi kòbókò na awakọ̀, tó ń mú àgbàlagbà fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́bàá títì. Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Àfáà, ṣọ́jà ni ìjọba rán wa sí, wọn kò rán wa sí ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Ẹni tó bá na aráàlú, òun gan-an ló yẹ kí á kọ́kọ́ tì mọ́lé."

Iṣẹ́ ológun kò jìnnà sí ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1897 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, Lugard ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, nígbà tó sì dé ní 1898, Jẹ́bà tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí wà lára ibi tó kọ́kọ́ pàgọ́ sí. Èdè Hausa ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ọmọ ogun. Ẹgba sì ni wọ́n fi ń tọ́ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí nína àwọn ṣọ́jà tiwọn láti 1881, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn adúláwọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹgba títí di ìgbà ogun Hitler. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹgba kọ́, ẹgba náà ni yóò fi kọ́ ẹlòmíràn. Mo rò pé díẹ̀ nínú ohun tí a rí lójú títì, ibẹ̀ ni ó ti wá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní nǹkan bí 1978, bàbá arúgbó kan máa ń wá kí bàbá mi, tó lọ sí ogun Bọ́mà. Ó ti papò dà tipẹ́, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ìpín ọmọ ogun méjì ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ránṣẹ́ sí Bọ́mà, èyí tí wọ́n pè ní 81 àti èyí tí wọ́n pè ní 82. Àwọn méjèèjì ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Ìpín kọ̀ọ̀kan ló ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Àwọn ará 81 fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà kan gba inú òkè àti igbó kọjá, tó gùn ju máìlì 70 lọ, tí wọ́n sọ ní Ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bàbá náà ní ọ̀nà ọ̀hún tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí ọkọ̀ jíìpù méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn, ọlọ́pàá ológun ló sì ń pinnu èyí tí yóò padà. Ó ní ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀ tó dá ọ̀gá òyìnbó dúró nínú òjò nítorí ọkọ̀ tó gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Àwa ọmọdé máa ń pàtẹ́wọ́ bó bá débẹ̀.

Ohun kan wà nínú ogun Bọ́mà tí ó yẹ kí ọmọ Mùsùlùmí mọ̀, ó sì kan ọ̀rọ̀ wa. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọ̀dọ́langba nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ní March 1944, àwọn Jàpáànù yìnbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àfonífojì Kaladan, òun àti ará Sierra Leone kan, David Kargbo, sì kù sínú igbó láàrin ọ̀tá. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, fi wọ́n pamọ́, ó ń bọ́ wọn, títí àwọn ọmọ ogun tiwọn fi padà dé ní December ọdún náà. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Bàbá onífìlà pupa, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ẹ rí i? Ká ní ṣọ́jà kan ti jí adìyẹ ọkùnrin yẹn kó kí ó tó di ọjọ́ náà ńkọ́?"

Bàbá fúnra rẹ̀ wọṣẹ́ ní 1963. Saria ni wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ kúrútù, ní bárékè tí wọ́n ń pè ní Chindit. Orúkọ yìí náà, Bọ́mà ló ti wá, nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn Chindit tí Wingate kó wọ ẹ̀yìn ọ̀tá ní 1944. Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń sáré, ìbọn lókè orí. Ṣòkòtò wọn ní láti gba sítáàṣì débi tí yóò fi dá dúró. Bùútù wọn ní láti dán débi tí o ó fi rí eyín rẹ nínú rẹ̀. Oṣù Rọ̀mọ̀dánù bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ kò sí ẹni tó dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n eré sísá kò ní dínkù. Ó gbà á pé.

Ọjọ́ tí wọ́n fún wọn ní béèjì ni kò lè gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kéú, ẹ wo béèjì àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà dáadáa: ẹyẹ idì wà lókè, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn àfáà mọ̀ sí òǹtẹ̀ Ànọ́bì Sulaymọ̀ọ́nù, lẹ́yìn náà ni ìkọ̀wé Lárúbáwá tó túmọ̀ sí pé láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ìṣẹ́gun ti ń wá. Láti ìgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ìkọ̀wé yìí ti wà nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ wa. Àwọn kan tilẹ̀ ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bàbá kà á sókè níbi tó tò sí. Àwọn kúrútù ọmọ Hausa yíjú wò ó, ẹnu yà wọ́n pé ọmọ Yorùbá láti ilẹ̀ Ìgbómìnà mọ̀ ọ́n kà. Ilé-kéú ló fi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ABD kò yá a lára tó bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí i kò fẹ́ fi í sílé ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́ kí wọ́n má baà yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ bàbá wa ti ṣe láyé ìjọ́un; ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ló ti dá ọ̀nà tirẹ̀ wá. Èyí fẹ́ ṣe é ní jàǹbá nígbà tí wọ́n yàn án fún ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ológun, nítorí ìwé kíkọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí o bá mú ènìyàn, o gbọ́dọ̀ kọ ibi tí o ti mú un, aago tó lù, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, láìfi ìbínú tìrẹ kún un. Wọ́n kọ́ wọn pé bí ẹni tó ṣẹ̀ bá jẹ́ ọ̀gá, kí wọ́n kọ́kọ́ kí i ní ìkíni ológun kí wọ́n tó ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí. Wọ́n kọ́ wọn bí ènìyàn méjì ṣe ń gbé ọ̀mùtí láìlù ú. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń dúró ní oríta, kí a fi ọwọ́ darí ọkọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, ní ọjọ́ 2 oṣù April 1972, ó ní ó pẹ́ kí apá òun tó gbà pé ayé ti yí padà.

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní July 1967. Gowon gbé ìwé òfin ìṣe jáde fún àwọn ọmọ ogun: wọn kò gbọ́dọ̀ pa aláboyún tàbí ọmọdé, wọn kò gbọ́dọ̀ pa ẹni tó bá túúbá, wọn kò gbọ́dọ̀ kó ẹrù ẹlẹ́rù, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ba ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí jẹ́. Ẹni tó bá ti ka Muwatta ti Imam Malik yóò rántí ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí Sàhábà Abúbákárì ń sin Yazid ọmọ Abu Sufyan bó ti ń kó ogun lọ sí Ṣáámù, tí Yazid wà lórí ẹṣin tí aláyélúwà ń fẹsẹ̀ rìn, ó kìlọ̀ fún un nípa obìnrin, ọmọdé, arúgbó àti igi eléso. Èyí tó lé ní 1,300 ọdún ló wà láàrin ìkìlọ̀ méjèèjì.

Òfin wà lórí ìwé, àbí? Ní October 1967, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ní Àsàbà, àwọn tí wọ́n jáde wá kí wọn pẹ̀lú ijó. Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín nítorí pé mò ń yin àwọn onífìlà pupa. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá méjèèjì pé níbo ni ọlọ́pàá ológun wà lọ́jọ́ náà. Ti Ẹ̀sìẹ́ wo ilẹ̀. Ti Òmù-Àrán ní, "A kò pọ̀ tó. Bí a bá tilẹ̀ pọ̀ tó, ọ̀gá tí kò bá fẹ́ kí a ríran, kò ní jẹ́ kí a dé ibẹ̀." Ní 1968, wọ́n fi ìbọn pa lẹ́fútẹ́nántì kan nítorí pé ó pa ẹni tí wọ́n ti dì lọ́wọ́, tí kámẹ́rà àwọn akọ̀ròyìn òyìnbó sì ká a mọ́ ọn. Ẹ fiyè sí kámẹ́rà yẹn.

Ìtàn tó gbé fìlà lé Bàbá lórí eékún lọ́dọọdún nìyí. Ní ìparí 1968, ní ìhà Odò Ọya, ó dá lọ́rì ológun kan dúró lóru. Wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, básíkù àti maṣíìnì ìránṣọ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn maṣíìnì náà ṣì ní aṣọ ọmọdé tí a rán dé ìdajì lẹ́nu abẹ́rẹ́. Kọ́púrà tó wà lọ́kọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó tan iná sí ojú Bàbá, ó sì fi èdè Ìgbómìnà kí i. Ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n. Wọ́n jọ ka Àlùkùráánì lórí àwọ̀ ẹran kan ṣoṣo ni.

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó dárúkọ ìyá Bàbá, ó dárúkọ àfáà tó kọ́ àwọn méjèèjì. Bàbá mú bébà, ó kọ aago tó lù, ó kọ iye maṣíìnì, ó kọ orúkọ. Ilé-ẹjọ́ àwọn ológun lé kọ́púrà náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó padà sílé láìsí owó ìfẹ̀yìntì, ó di àgbẹ̀. Ìyá Bàbá gan-an bínú sí i. Ó ní maṣíìnì ta ni ó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ba ayé ọmọ ẹlòmíràn jẹ́?

Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn méjèèjì fi jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan. Wọn kò tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi Bàbá bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Maṣíìnì náà ni mo ń rántí, Àfáà. Aṣọ ọmọ náà, àwọ̀ ewé ni."

Nígbà tí kọ́púrà náà kú, èmi wà lára àwọn tó kírun sí i lára. Bàbá dé lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dùn ún. Àwọn ọmọ olóògbé rí i, wọn kò wí nǹkan kan. Ó lọ sí etí sàréè níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń da iyẹ̀pẹ̀ padà, ó na ọwọ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí àkọ́bí òkú fi gbé ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́.