Kazimierz Ló Yẹ Kó Ṣáájú Auschwitz: Lórí Ètò Ìrìn-àjò Akẹ́kọ̀ọ́ Sọ́dọ̀ Àwọn Júù Pólàǹdì

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lọ sí Kraków lórílẹ̀-èdè Pólàǹdì láti kọ́ nípa àwọn Júù, àgọ́ ìpànìyàn Auschwitz ló sábà máa ń wà lọ́kàn wọn. Kò yani lẹ́nu: nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 èèyàn ni ìjọba Násì pa níbẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn sì jẹ́ Júù. Síbẹ̀, Kazimierz, tó jẹ́ àdúgbò kan ní Kraków lónìí, níbi tí wọ́n lé àwọn Júù Kraków lọ ní 1495, ni mo gbà pé ó yẹ kí ìrìn-àjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a kò mọ bó ṣe gbé ayé, a kò lè mọ ohun tó bá ikú rẹ̀ lọ.

Ẹ wo itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn sínágọ́gù Remuh ní Kazimierz. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Rábì Moses Isserles sí ní 1572. Joseph Karo, tó gbé ní Safed, ti ṣàkójọ òfin àwọn Júù sínú Shulchan Aruch, ṣùgbọ́n àṣà àwọn Júù Sípéènì ló gbára lé jù. Isserles kò ta ìwé náà nù. Ńṣe ló fi àṣà àwọn Júù Ashkenazi ti Pólàǹdì àti Jámánì kún un. Títí dòní, ojú ewé kan náà ni wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fara balẹ̀ wo ojú ewé yẹn á rí bí àwọn Júù ṣe ń jiyàn láì pa ẹnu ara wọn mọ́. Àwọn àlejò ń to òkúta wẹ́wẹ́ sórí ibojì Isserles. Àfọ́kù òkúta ibojì tí àwọn Násì bàjẹ́ ni wọ́n sì fi mọ ògiri kan níbẹ̀.

Kraków yìí náà ni Sarah Schenirer, aránṣọ, ti dá ilé ẹ̀kọ́ Bais Yaakov sílẹ̀ ní 1917, torí pé àwọn ọmọbìnrin kì í rí ẹ̀kọ́ Tórà kọ́ bíi ti àwọn arákùnrin wọn. Ó kú ní 1935, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì tó run púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní àkókò kò tó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni èèyàn lè fi rìn gba orí afárá odò Vistula láti Kazimierz dé àdúgbò Podgórze, níbi tí àwọn Násì há àwọn Júù mọ́ ní 1941, tí wọ́n sì ti kó wọn lọ pa ní 1942 àti 1943. Ẹni tó ti Kazimierz wá á mọ ilé tí wọ́n lé wọn kúrò.

Àwọn alààyè náà ńkọ́? Láti 2008 ni gbọ̀ngàn àwùjọ àwọn Júù ti wà ní Kazimierz, tí wọ́n ti ń jẹun Sábáàtì pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí olùkọ́ ya alẹ́ kan gbáko sọ́tọ̀ fún un, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè bi àwọn tó ń gbé ìlú náà léèrè ohun tó mú wọn dúró.