Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Láti Ajah Dé Òkè Èkìtì

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Ọmọ tó bá ń hùwà ìbàjẹ́ láwùjọ làwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún, wọ́n ní ohun tí kò kọ́ nílé ni kò rí lò lóde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà tún ní apá kan tí a kì í fọkàn sí. Ẹni tó ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde ti mọ òde tó ń lọ kó tó ṣí àpótí. Ó mọ̀ bóyá ìsìnkú ni tàbí ìgbéyàwó. Apá yìí ni mo fẹ́ fi bá àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láàárọ̀ Sátidé lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń gbèrò àtigùn ún dé Èkìtì.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré òyìnbó ni. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá gbéra lórí kẹ̀kẹ́ ní Chicago, ó forí lé Los Angeles pẹ̀lú aṣọ Yorùbá lọ́rùn, ìrìn tó lé ní 3,500 kìlómítà. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ la fi ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé.

Ìṣòro ará Lẹ́kkí ni pé ilé rẹ̀ kò ní òkè. Ilẹ̀ iyanrìn láàárín òkun àti ọ̀sà ni. Láti Ajah dé Ṣángótẹ̀dó, dé Awóyáyà, ọ̀nà tẹ́ pẹrẹsẹ, nígbà tí Adó-Èkìtì fi nǹkan bí 450 mítà ga ju òkun lọ. Ohun tí a lè gùn nítòsí kò ju afárá lọ: ti Ajah tí wọ́n ṣí ní 2017, àti ti Lẹ́kkí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní 2013. Kí èémí tó yí padà, èèyàn ti ré wọn kọjá.

Ṣùgbọ́n ilé yìí ní afẹ́fẹ́. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wá láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ẹni tó bá sì ń ti Ẹlẹ́kọ̀ bọ̀ wá sí Ajah lásìkò yẹn yóò mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ má sá fún un. Bó bá dojú kọ yín, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi, bẹ́ẹ̀ náà sì ni òkè ń ṣe. Ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè kọ́ wa ni ìwúwo. Lórí ilẹ̀ títẹ́, ẹrù kì í fi bẹ́ẹ̀ dáni dúró. Lórí òkè, gbogbo kílò tí ẹ dì mọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ ó fi agbára ẹsẹ̀ gbé sókè. Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti dín ẹrù kù.

Kẹ̀kẹ́ náà ńkọ́? Bí irin eléyín iwájú bá ní eyín 50, tí tẹ̀yìn ní 25, ẹsẹ̀ yóò yípo lẹ́ẹ̀kan, táyà yóò yípo lẹ́ẹ̀mejì, kẹ̀kẹ́ yóò sì lọ ju mítà mẹ́rin lọ. Ìyẹn dáa ní Ajah. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Èkìtì, orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ wá gíà tí eyín iwájú kò ti ju tẹ̀yìn lọ, 30 sí 30, kí ẹsẹ̀ lè máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ yẹ bíréèkì wò ju ṣéènì lọ, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pani. Ẹ máa tẹ bíréèkì kí ẹ máa tú u sílẹ̀. Ẹ má dì í mú títí tí yóò fi gbóná.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ gba Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ibẹ̀ dé Òrè, ọ̀nà Benin ni, ti àwọn tírélà. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ títí dé Òǹdó, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ tún gùn ún láti Òǹdó, níbi tí ilẹ̀ ti ń ga bọ̀, lọ sí Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ sí Adó tó nǹkan bí 50 kìlómítà, àpáta Olósùnta yóò sì yọ sí yín ní Ìkẹ́rẹ́. Oṣù kọkànlá ló dáa jù, nígbà tí òjò ti ń lọ, tí ọyẹ́ kò tíì mú.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fojú fò. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì. Ẹ máa béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àjọ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn onílé kí ẹ tó gbéra láàárọ̀, kí ìrọ̀lẹ́ má sì bá kẹ̀kẹ́ yín lójú títì.

Ẹni tí kò bá tíì lè di ẹrù rẹ̀ pé, kó gun kẹ̀kẹ́ láti Ajah dé Ẹ̀pẹ́, kó sì padà lọ́jọ́ kan náà nínú atẹ́gùn ọ̀sán, kó má tíì dá ọjọ́ Èkìtì.