Ẹ̀ńjìnnì Wo Ni Ká Pa?

Nígbà tí Air Gabon gba Boeing 747 rẹ̀ ní ọdún 1978, ẹni mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀. Awakọ̀ méjì kọjú síwájú. Ẹnjiníà wà lẹ́yìn wọn, ó ń ṣọ́ epo, iná mànàmáná àti ẹ̀ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn bàálù ìgbà tó ṣáájú tún máa ń gbé atọ́nà tó ń fi ìràwọ̀ mọ̀nà, àti ẹni tó ń mójú tó rédíò. Ẹ̀rọ ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí 747-400 fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989, kò sí àga ẹnjiníà níbẹ̀ mọ́.

Àwọn méjì tó kù ló pín iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń wa bàálù. Èkejì ń bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń ka ìwé àyẹ̀wò, ó sì ń ṣọ́ ẹni tó ń wà á. Wọn kì í wo ipò pín in: bí ọ̀gá bá wà á lọ, igbákejì lè wà á bọ̀.

Ṣíṣọ́ ọ̀gá ló le. Ní March 27, 1977, ní Tenerife, ọ̀gá awakọ̀ kan ní KLM, iléeṣẹ́ bàálù Netherlands, sáré láti gbéra láìgbàṣẹ. Ẹnjiníà rẹ̀ béèrè bóyá bàálù Pan Am ti kúrò lọ́nà; ọ̀gá ní ó ti kúrò, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bàálù méjèèjì kọlu ara wọn, ènìyàn 583 ló kú. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Netherlands kì í dọ̀bálẹ̀ fún àgbà o! Ní 1979, NASA pe ìpàdé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó di 1981, United Airlines ti ń kọ́ igbákejì láti sọ̀rọ̀ sókè, ó sì ń kọ́ ọ̀gá láti gbọ́.

Ní alẹ́ April 27, 1993, bàálù Buffalo kan ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú Zambia gbéra ní Libreville, olú-ìlú Gabon. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Zambia ló gbé, wọ́n ń lọ bá Senegal gbá bọ́ọ̀lù ní Dakar. Kò pẹ́ tí ẹ̀ńjìnnì òsì fi gbiná. Ẹ̀ńjìnnì ọ̀tún, èyí tí nǹkan kan ò ṣe, ni awakọ̀ pa. Bàálù já sókun nítòsí ìlú. Kò sẹ́ni tó yè nínú ọgbọ̀n ènìyàn tó wà nínú rẹ̀. Àbọ̀ ìwádìí Gabon, tó jáde ní 2003, ní àárẹ̀ awakọ̀ àti àṣìṣe ẹ̀rọ atọ́ka lọ́wọ́ sí i. Ọjọ́ tó ṣáájú ni awakọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn dé láti Mauritius.

Ní January 1989, nítòsí Kegworth ní England, ẹ̀ńjìnnì tó dáa ni wọ́n pa bákan náà. Ènìyàn 47 ló kú.

Nínú bàálù akérò òde òní, bí ẹ̀ńjìnnì bá gbiná lókè, awakọ̀ á gbọ́wọ́ lé ọ̀pá tó ń darí rẹ̀, á dárúkọ rẹ̀, á sì dúró. Kò ní fà á títí èkejì yóò fi wo ọwọ́ náà, kó wo àwọn iná ìkìlọ̀, kó tó fọwọ́ sí i.