Ojú Àlejò: Ìgbé-ayé Ojoojúmọ́ Àwọn Òyìnbó ní Òṣogbo, Ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Agbègbè Wọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni àlejò ní, kò fi í ríran. Òwe yìí kò bú àlejò rárá. Ohun tó ń sọ ni pé ojú nìkan kò tó láti fi mọ ìlú. Ẹni tó dé lánàá lè rí ilé, kó rí ọjà, kó rí odò, síbẹ̀ kó má mọ ohun tó so wọ́n pọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: kí ni ó máa ń la àlejò lójú? Ìtàn àwọn òyìnbó tó gbé ní Òṣogbo, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká ní ọ̀rúndún 20 ni n ó fi dáhùn rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìwé tí wọ́n kà kọ́ ló là wọ́n lójú. Ibi tí wọ́n ń sùn, ẹni tí wọ́n ń kí ní òwúrọ̀ àti èdè tí wọ́n fi ń ra ata lọ́jà ló là wọ́n lójú.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti pín àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú sí ọ̀nà mélòó kan. Àjèjì ni ẹni tí a kò mọ̀ rí. Àlejò ni ẹni tí a ti gbà sínú ilé, tí a fi omi àti oúnjẹ lọ̀, ṣùgbọ́n tí a mọ̀ pé yóò padà síbi tó ti wá. Àtìpó ni ẹni tó ti pẹ́ láàárín wa, tó ń dáko tàbí tó ń ṣòwò, ṣùgbọ́n tí orírun rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ti di ará ilé, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò bá a mu mọ́. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà ti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn ni ìtàn wa.

Àwọn tó gbé lẹ́yìn ìlú

Ní ọdún 1907, ọ̀nà ojú irin tó ti Èkó wá dé Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti ń wá ra èkùrọ́, epo pupa àti kòkó, tí àwọn oníṣòwò láti Lẹ́bánónì náà sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí àwọn òyìnbó rẹ̀ máa bá ọmọ ìlú gbé pọ̀. Lugard, tó so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní ọdún 1914, pa á láṣẹ pé kí àyè tó fẹ̀ tó yáàdì 440 wà láàárín ibùgbé àwọn òyìnbó àti ti àwọn ọmọ ìlú. Ibà àti ẹ̀fọn ni wọ́n sọ pé ó fà á.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ohun tí àyè bẹ́ẹ̀ ń sọ ìgbé-ayé ènìyàn dà. Kúùkù ní í lọ sọ́jà, òyìnbó kì í lọ. Ògbufọ̀ ní í gbọ́ ẹjọ́, tí yóò sì tún un sọ. Oúnjẹ inú agolo ń ti Èkó bá ọkọ̀ ojú irin wá. Lálẹ́, òyìnbó àti òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣeré ní kílọ́ọ̀bù wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè lo ogún ọdún láàárín wa láì mọ ìyàtọ̀ láàárín "ẹ kú ilé" àti "ẹ kú ìjókòó". Ó rí wa lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò bá wa gbé.

Àwọn tó wọ àárín ìlú

Ní ọdún 1950, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ dé sí Ìbàdàn. Ulli Beier ni ọkùnrin náà, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní ọdún 1922. Susanne Wenger ni ìyàwó, ayàwòrán tí wọ́n bí ní ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ní ọdún 1915. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ló gba ọkọ síṣẹ́. Ìgbé-ayé inú ọgbà yunifásítì kò tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré ni wọ́n rí níbẹ̀. Nígbà tí Beier bọ́ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ìlú, ọ̀nà ṣí fún wọn láti kó kúrò. Ẹdẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ, lẹ́yìn náà Ìlobùú, kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèsè Láoyè, tí òun fúnra rẹ̀ mọ ìlù lù dáadáa, àti Àtáọ́ja Òṣogbo, Ọba Samuel Adénlé, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Láìpẹ́ sí ìgbà tí Wenger dé, ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a gúnlẹ̀. Ẹdẹ ni òun àti Àjàgẹmọ, olórí àwọn olóòṣà Ọbàtálá níbẹ̀, ti mọ ara wọn. Obìnrin náà kò tíì gbọ́ Yorùbá, bàbá náà kò gbọ́ èdè òyìnbó. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Wenger ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìṣe òrìṣà. Ẹ kíyè sí i pé ògbufọ̀ kò sí láàárín wọn. Ohun tó wà ni kí a máa lọ, kí a máa bọ̀, kí a jókòó ti ara wa títí èdè yóò fi dé. Bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè nìyẹn.

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ìbòkun lọ ní Òṣogbo yóò kan ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Wenger gbé títí ó fi di olóògbé. Àárín ilé àwọn ará ìlú ni ilé náà wà, létí títì gan-an. Ó gba àwọn ọmọ wò níbẹ̀, ó sì tọ́ wọn dàgbà. Lẹ́yìn tí òun àti Beier pínyà, ó fẹ́ Àyánṣọlá Oníìlù ní ọdún 1959. Obìnrin ilé ni, ìyàwó ni, ìyá ọmọ ni, olóòṣà sì ni pẹ̀lú. Ipò wọ̀nyí ní ìkíni tirẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì ní ẹni tí a gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún.

Orúkọ tí ìlú sọni àti orúkọ tí a sọ ara wa

Àdùnní Olórìṣà ni àwọn ènìyàn ń pe Wenger. Àdùnní kì í ṣe orúkọ oyè. Oríkì ni, irú èyí tí ìyá àgbà máa ń fi pe ọmọbìnrin tó bá jí ní òwúrọ̀: ẹni tí ó dùn ún ní. Bí ìlú bá fún àlejò ní oyè, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Bí wọ́n bá fún un ní oríkì, wọ́n ti gbà á sáàárín ọmọ ilé.

Beier ní tirẹ̀ sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ó kọ àwọn eré onítàn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi orúkọ "Ọ̀bọtúndé Ìjímèrè" síwájú wọn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ọmọ Yorùbá kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwàdà ni orúkọ náà: ó gbé e lé orí Babátúndé, ó yọ baba, ó fi ọ̀bọ sí i, ó sì fi ìjímèrè dè é lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè kò lè rẹ́rìn-ín sí i. Ó fi hàn pé ó ti wọ inú èdè náà débi pé ó lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Àdùnní sì nìyẹn. Fún iṣẹ́ ìtumọ̀, òun àti Bákàrè Gbàdàmọ́sí ni wọ́n jọ gbé ìwé ewì Yorùbá jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1959.

Ìlú náà mọ bí a ti í sọ ohun àjèjì di tirẹ̀. Ní ọdún 1961, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sọ ọ́ ní Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò. Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Beier ṣí irú rẹ̀ sí Òṣogbo. Etí Yorùbá ni àwọn ará ìlú fi gbọ́ orúkọ náà: "m̀ bá rí, m̀ bá yọ̀", ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, inú mi ì bá dùn. Báyìí ni ó ṣe di Mbari Mbayo. Níbẹ̀ ni Georgina Beier, ìyàwó tí Ulli fẹ́ lẹ́yìn náà, ti darí ẹ̀kọ́ àwòrán ní ọdún 1964, tí àwọn ọ̀dọ́ bíi Twins Seven-Seven, Jímọ̀ Bùràímọ̀, Mùráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé fi di olókìkí káàkiri ayé.

Ní igbó Ọ̀ṣun, Àdùnní àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú, bíi Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, ni wọ́n jọ tún ojúbọ ṣe. Ìjọba sọ igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Àwọn kan bi í pé kí ló kan òyìnbó nínú òrìṣà wa, àwọn kan sì ní ère tuntun ti yí ojú igbó àtijọ́ padà. Àríyànjiyàn tó yẹ kó wáyé ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ará ilé ni à ń bá jà bẹ́ẹ̀. Òṣogbo ni Àdùnní kú sí ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2009.

Ìmẹ̀sí-Ilé àti Òkukù

Òrìṣà nìkan kọ́ ló ń sọ àlejò di ará ilé. Ní Iléṣà, àwọn oníjọ Wesley dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní ọdún 1912. Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 1956 sí 1961. Ó rí i pé àwọn ọmọdé tí èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre-kánú ń pa, ilé ni àìsàn wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú orí òkè tí àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí nítòsí nígbà ogun Kírìjì, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ ibẹ̀ láti ìgbà ìbí. Káàdì tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ kò jókòó sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ló ń tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá nílé. Irú káàdì yẹn tàn kálẹ̀ ayé lẹ́yìn náà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ rọrùn: ìyá ló mọ ọmọ rẹ̀ jù, ẹ fi ìwé sí i lọ́wọ́.

Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní Òkukù láti ọdún 1974 sí 1977, ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ilé. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì ń bá ẹgbẹ́ eré Òyìn Adéjọbí ti Òṣogbo ṣeré lórí ìtàgé. Òkukù fi í joyè Ìyámòye. Ìwé rẹ̀ lórí oríkì jáde ní ọdún 1991. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ṣe é fi ògbufọ̀ kó jọ, nítorí pé oríkì kì í dúró de ẹni tó ń béèrè ìtumọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Apá ìtàn tó kù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn wọ̀nyí, ojú àlejò ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ta ló kọ́ Àdùnní bí a ti ń kí ìyáálé? Ta ló ń pọnmi, ta ló ń se ọbẹ̀, ta ló ń dá a lóhùn nígbà tó bá ṣi ohùn gbé, tó fẹ́ pe ọkọ tó pe ọkọ́? Kí ni àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé ń bá ara wọn sọ nígbà tí wọ́n ń gbé ọmọ wọn sórí ìwọ̀n? Àwọn wọ̀nyí ni olùkọ́ àwọn olùkọ́. Bí wọ́n ti gba àlejò ni àlejò ṣe ríran, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí, iṣẹ́ yín nìyẹn. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní àwọn ọdún 1950 ti di arúgbó báyìí. Ẹ lọ bá wọn, ẹ mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání, ẹ fi Yorùbá bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé kí ni òyìnbó ṣe nìkan. Ẹ bi wọ́n pé kí ni àwọn fúnra wọn rí, nítorí pé onílé náà lójú, òun ló sì fi í ríran.