Ìbẹ̀rù Ẹni Tó Ń Fi Ẹ̀jẹ̀ Tọrẹ fún Ìgbà Àkọ́kọ́: Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn kan máa ń ka ìbẹ̀rù ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ sí àìmọ̀kan tàbí ojo. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀nà tí onítọ̀hún gbà dé báńkì ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń bí i. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì, ti yunifásítì LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ láti 1907; ìlú Ọ̀yọ́ náà ní ilé ìwòsàn ìjọba tirẹ̀. Bó ṣe rí káàkiri Nàìjíríà náà ló rí ní ìlú méjèèjì: mọ̀lẹ́bí aláìsàn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ jù, láti fi dí àlàfo èyí tí wọ́n lò fún ẹni wọn. Ìyá ìkókó ń ṣẹ̀jẹ̀, ibà ti gbẹ ẹ̀jẹ̀ lára ọmọdé, tàbí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n bá ní kí ará ilé wá fa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè kò sùn, kò jẹun, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ kó tó fojú kan abẹ́rẹ́.

Nǹkan bíi mílílítà 450 ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà, nínú bíi lítà 5 tó wà lára àgbàlagbà, láàárín ìṣẹ́jú 10 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Omi inú rẹ̀ máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ pupa a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ òǹkà kì í lé ìbẹ̀rù lọ. Òòyì tó ń kọ́ni lórí ibùsùn kì í sábà jẹ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tán lára: iṣan ẹ̀jẹ̀ ló dẹ̀, tí ọkàn sì rọra ń lù, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé orí tó. Ọ̀dọ́, ẹni tí kò sanra àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ló máa ń ṣe jù. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH àti ti Yunifásítì Ajayi Crowther l'Ọ̀yọ́, tí gbogbo ènìyàn ń wojú wọn fún ẹ̀jẹ̀, gan-an ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 lórí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíráámà ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó bẹ̀rù fífa ẹ̀jẹ̀ ni òòyì ń kọ́ jù, wọn kì í sì í padà wá tó àwọn yòókù. Nítorí náà, ó yẹ kí bíbéèrè nípa ìbẹ̀rù jẹ́ ara iṣẹ́, bíi wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ènìyàn bá mu omi bíi ìdajì lítà ṣáájú, tó sì ń fún iṣan ẹsẹ̀ pọ̀ lórí ibùsùn, ewu òòyì máa ń dín kù.

Ẹnìkan lè ní bíbéèrè gan-an ni yóò gbin ìbẹ̀rù síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà níwájú ẹni náà, ó ń wò ó. Ìdákẹ́jẹ́ kò lè bo ìbẹ̀rù náà mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe ìbẹ̀rù, ọ̀rọ̀ owó ni: a fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ilé ìwòsàn ń gbowó lórí ẹ̀. Òótọ́ ni pé àpò ẹ̀jẹ̀ àti àyẹ̀wò HIV pẹ̀lú àrùn mẹ́dọ̀wú ń náni lówó, àmọ́ ta ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó na apá? Àyẹ̀wò yìí fúnra rẹ̀ sì ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ. Omi mímu kò lè wo ìyẹn, àfi yàrá ìkọ̀kọ̀ àti òṣìṣẹ́ tó lè pa àṣírí mọ́.

Àtakò tó lágbára jù ni pé nígbà pàjáwìrì, kò sáyè ìtùnú. Ìdí rèé tó fi dára pé àjọ ìlera àgbáyé ń rọ ìjọba láti 1975 pé kí wọ́n gbára lé ẹni tó fínnúfíndọ̀ wá láìgbowó, tí òfin 2021 sì dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kódà nígbà pàjáwìrì náà, ìṣẹ́jú márùn-ún fún omi àti ọ̀rọ̀ sísọ kò tó àkókò tó ń ṣòfò bí ẹni náà bá dákú láàárín iṣẹ́, nítorí àpò tí kò kún tó bó ṣe yẹ kì í sábà ṣeé lò fún aláìsàn.