Lẹbẹ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà

Lẹbẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni irin tó yọ sókè lápá ọ̀tún àti lápá òsì búútù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bí èyí tó wà lára ẹja, tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe sára ọkọ̀ wọn láti ọdún 1948 títí di nǹkan bí ọdún 1965. Cadillac ló kọ́kọ́ gbé e wá sọ́jà. Kò ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, kò sì fi àyè kún inú ọkọ̀. Ẹwà ni wọ́n fi ṣe, àti àmì ipò. Síbẹ̀, bí olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ bá fẹ́ mọ ọdún tí ọkọ̀ kan jáde, lẹbẹ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọn ará ìta a máa wo bó ṣe ga tó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wò kì í ka gíga sí. Ibi tí lẹbẹ ti pàdé iná ẹ̀yìn ni ojú wọn máa ń lọ.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ lẹbẹ jù lọ ni Harley Earl. Hollywood ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1893. Bàbá rẹ̀ ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó tó bọ́ sídìí kíkan ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwọn òṣèré sinimá olówó sì wà lára àwọn oníbàárà wọn. Lọ́dún 1927, iṣẹ́ tí Earl ṣe sára ọkọ̀ LaSalle wọ àwọn ọ̀gá General Motors lójú, ni Alfred Sloan tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ náà bá dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún un, Art and Colour Section, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí wọ́n máa ro bí ọkọ̀ yóò ṣe rí lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ẹnjiníà ló ń pinnu ìyẹn. Amọ̀ ni Earl fi ń mọ àwòṣe ọkọ̀, torí pé amọ̀ ṣeé gé, ó ṣeé bù kún, ọwọ́ sì lè yí i padà láàárín ọ̀sán kan. Àṣẹ tó ń pa fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ kò yí padà fún ọgbọ̀n ọdún: kí ọkọ̀ túbọ̀ gùn, kó sì túbọ̀ sún mọ́lẹ̀.

Ara bàálù ogun Lockheed P-38 Lightning ni wọ́n ti rí lẹbẹ. Ìrù méjì ni bàálù yìí ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì nà ṣánṣán sókè. Kí Amẹ́ríkà tó wọ Ogun Àgbáyé Kejì, Earl àti díẹ̀ nínú àwọn ayàwòrán rẹ̀ lọ wò ó ní Selfridge Field, ibùdó ọmọ ogun òfurufú kan nítòsí Detroit. Àṣírí ìjọba ṣì ni bàálù náà, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Òkèèrè ni wọ́n ti wò ó, wọ́n padà síbi iṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán imú rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ sára ọkọ̀ ilẹ̀. Ogun dé, ṣíṣe ọkọ̀ fún aráàlú dúró, àwọn àwòrán náà sì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ta gan-an ló wá gbé ìrù bàálù yẹn lé ẹ̀yìn Cadillac? Ibí lẹnu kò ti kò. Ìtàn tó wọ́pọ̀ fi gbogbo rẹ̀ fún Earl. Ṣùgbọ́n Franklin Hershey ló ń darí àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí Cadillac lẹ́yìn ogun, àwọn òpìtàn ọkọ̀ tó pọ̀ sì gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni lẹbẹ ti jáde. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ General Motors yanṣẹ́ lódì láti òpin ọdún 1945 wọ ọdún 1946, oko Hershey fúnra rẹ̀ ni àwọn ayàwòrán kan ti ń bá iṣẹ́ lọ. Bí Hershey ṣe sọ ọ́, Earl kò tiẹ̀ fẹ́ràn lẹbẹ náà níbẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n gé e kúrò, kó tó di pé àwọn ọ̀gá Cadillac sọ pé ó wu àwọn. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan lórí iṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì yẹ ká fi ìṣọ́ra gbà á. Èyí tí a lè sọ láìṣiyèméjì kò pọ̀: P-38 ni àwòkọ́ṣe, abẹ́ Hershey ni wọ́n ti mọ ọ́n, kò sì sí ọkọ̀ tó lè kúrò ní ẹ̀ka náà nígbà yẹn láìjẹ́ pé Earl fọwọ́ sí i.

Cadillac ọdún 1948

Lẹbẹ àkọ́kọ́ kò ga rárá. Ẹni tó bá ti rí ti ọdún 1959 rí lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì fura. Ara fẹ́ńdà ẹ̀yìn ló rọra gbéra, ó yí gbirigbiri, iná pupa kékeré sì wà lórí rẹ̀ gan-an. Wọ́n ṣe é sára Series 61, Series 62 àti 60 Special. Series 75, ọkọ̀ gígùn tí dírẹ́bà fi ń gbé àwọn olówó, ṣì wà nínú ara tó ti ní kí ogun tó dé, kò sì ní lẹbẹ kankan.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹni tó bá rí ọkọ̀ yìí ní ìpàtẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láì wo iná ẹ̀yìn tọwọ́ òsì. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹnu táǹkì epo wà. Láti ọdún 1941 ni Cadillac ti ń fi ẹnu táǹkì pa mọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ara lẹbẹ ni ẹ̀tàn náà ti pé. Ẹni tí kò mọ̀, tó gbé ọkọ̀ náà lọ sí ilé epo, lè yí i po lẹ́ẹ̀mẹta láì rí ibi tí wọn yóò da epo sí. Ẹni tó mọ̀ á tẹ bọ́tìnnì kékeré abẹ́ iná náà, gbogbo iná náà á dìde lórí ìnsísì rẹ̀, ìdérí táǹkì á sì yọjú. Bó bá tún dé e padà, kò ní sí ohun tó yàtọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì. Chevrolet kọ́ ọgbọ́n yìí: ti ọdún 1956 wà lẹ́yìn iná òsì, ti Bel Air ọdún 1957 sì wà lẹ́yìn irin kúróòmù tó nà lóròó létí lẹbẹ òsì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe dáadáa á ṣí i, á tì í, á tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, á sì fi èékánná wo àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Earl sọ lẹ́yìn náà pé àwọn tó ra Cadillac wá rí i pé lẹbẹ dà bí rìsíìtì owó wọn tí gbogbo ayé lè rí. Òótọ́ ni. General Motors to àwọn ọkọ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè: Chevrolet, Pontiac, Oldsmobile, Buick, Cadillac, kí oníbàárà lè máa gun un bí owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Ohun tó bá kọ́kọ́ jáde lókè ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa fẹ́.

Exner àti ìdíje gíga

Lẹ́yìn 1955 ni eré náà yí padà, Chrysler ló sì yí i. Virgil Exner, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Earl rí, fún àwọn ọkọ̀ Chrysler ní ìrísí tuntun tí wọ́n pè ní Forward Look. Nígbà tó fi máa di ọdún 1957, lẹbẹ Plymouth, Dodge, DeSoto, Chrysler àti Imperial kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn lé fẹ́ńdà mọ́. Ó ti di apá kan ìlà gbogbo ara ọkọ̀, tó ń gòkè bọ̀ láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. DeSoto ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn: iná pupa róbótó mẹ́ta ló wà nínú lẹbẹ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí èkejì. Ilé iṣẹ́ náà ní lẹbẹ ń mú kí ọkọ̀ dúró ṣinṣin nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n dán an wò pẹ̀lú atẹ́gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó torí ìyẹn rà á. Wọ́n kánjú ṣe àwọn ọkọ̀ náà ni. Omi ń wọlé sínú wọn, wọ́n sì tètè ń dípẹtà, ìdí nìyẹn tí èyí tó kù lónìí fi kéré sí iye tí wọ́n ṣe.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1956, Chuck Jordan, ọ̀dọ́mọdé ayàwòrán ní General Motors, wa ọkọ̀ kọjá lẹ́yìn ọgbà Chrysler kan lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó yọjú lójú wáyà, ó rí àwọn Plymouth ọdún 1957 tí wọ́n tò síta: wọ́n tẹ́ sílẹ̀, òrùlé wọn fẹ́lẹ́, lẹbẹ wọn sì ga. Ó sáré padà lọ ròyìn. Earl wà ní Yúróòpù nígbà náà. Bill Mitchell, igbákejì rẹ̀, àti àwọn tó wà nílé lọ wò ó fúnra wọn, wọ́n sì da àwòrán ọkọ̀ ọdún 1959 tí wọ́n ti ń ṣe nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni Cadillac ọdún 1959, tí gígùn rẹ̀ tó ínṣì 225, ìyẹn mítà 5.7. Lẹbẹ rẹ̀ ló ga jù nínú gbogbo Cadillac, iná pupa méjì tó ṣe ṣonṣo bí ọta ìbọn sì yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eldorado Biarritz, èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká, tí wọ́n ṣe kò ju 1,320 lọ. Òun ló wà lára pósítà, tó wà lára ife tíì, tí ẹni tí kò mọ ohun kan nípa ọkọ̀ sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kò gbà pé òun ló dára jù. Wọ́n á ní kí o wo ti ọdún 1960, tí wọ́n ti rẹ lẹbẹ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì yọ ọta ìbọn wọ̀nyẹn kúrò, tí iná fi wà nínú etí lẹbẹ fúnra rẹ̀. Èmi náà wà lẹ́yìn wọn. Chevrolet ọdún 1959 gba ọ̀nà tirẹ̀: lẹbẹ rẹ̀ kò dúró, ńṣe ló sùn gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iná abẹ́ rẹ̀ sì jọ ojú ológbò.

Earl fẹ̀yìn tì ní oṣù Kejìlá ọdún 1958, Mitchell bọ́ sípò rẹ̀, lẹbẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́dọọdún. Imperial ọdún 1961 ṣì gbé tirẹ̀ ga fíofío, iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì dá dúró lọ́tọ̀. Cadillac ọdún 1965 kò ní in mọ́. Ọdún yẹn náà ni Ralph Nader tẹ ìwé Unsafe at Any Speed jáde, ó sì ka lẹbẹ mọ́ àwọn ohun tó ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ léṣe, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ti fi í sílẹ̀ ná.

Kíkójọ àti ìdájọ́

Ẹgbẹ́ Antique Automobile Club of America ti wà láti ọdún 1935, Cadillac and LaSalle Club sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1958. Classic Car Club of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, kì í ka ọkọ̀ tó bá jáde lẹ́yìn 1948 sí ojúlówó, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti gbogbo ayé lẹbẹ síta. Àwọn olólùfẹ́ Chevrolet ọdún 1955 sí 1957, tí wọ́n ń pè ní Tri-Five, kò jẹ́ kí ìyẹn dùn wọ́n.

Ohun tó ń ná àwọn tó ń tún un ṣe lówó jù kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, kúróòmù ni. Síńkì tí wọ́n yọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun ọ̀ṣọ́ ara ọkọ̀ náà, bíi fírémù iná. Bó bá ti pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í lé kókó wínníwínní lábẹ́ kúróòmù. Wọ́n ní láti bó gbogbo rẹ̀, kí wọ́n dí ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi kópà bò ó, kí wọ́n yún un, kí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì lé e, kí kúróòmù tó kẹ́yìn. Ní ti lẹbẹ, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ máa ń mú òòfà kékeré dání. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bó bá já bọ́, pọ́tì ni panẹ́ẹ̀lì-bítà fi mọ ọ́n, ọ̀dà ló sì fi bò ó.

Ní òde Amẹ́ríkà

Mercedes-Benz ti ọdún 1959 ní lẹbẹ kékeré, tí àwọn ará Jámánì fi ń pe ọkọ̀ náà ní Heckflosse. Pininfarina fi díẹ̀ sára Peugeot 404 ti ọdún 1960 náà, ọkọ̀ tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa wọ̀ dáadáa lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ wo etí búútù rẹ̀, ẹ ó rí i.

Nílùú Amarillo, ní Texas, àwọn oníṣẹ́ ọnà Ant Farm ri Cadillac mẹ́wàá mọ́lẹ̀ lọ́dún 1974, imú nísàlẹ̀, lẹbẹ lókè, láti ti ọdún 1949 dé 1963. Wọ́n ń pè é ní Cadillac Ranch. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà náà tẹ sítáǹbù márùn-ún jáde fún ọkọ̀ ìgbà náà lọ́dún 2008, Art Fitzpatrick ló ya wọ́n.

Ibi tí lẹbẹ ṣì ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ ni Kúbà. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959 àti òfin tí Amẹ́ríkà fi dá òwò dúró, ọkọ̀ tuntun àti spare parts kò wọlé láti Detroit mọ́. Títí di ọdún 2011, ọkọ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí ìyípadà náà tó dé nìkan ni aráàlú lè tà tàbí rà fàlàlà. Almendrón ni wọ́n ń pè wọ́n ní Havana, wọ́n sì ń fi wọ́n gbé èrò lójú ọ̀nà kan pàtó, bíi dáńfó tiwa. Ẹ́ńjìnnì dísù ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, apá kan lára ẹsẹ̀ wọn wá láti ara ọkọ̀ Rọ́ṣíà, búrọ́ọ̀ṣì lásán ni wọ́n sì fi kun àwọn mìíràn lọ́dà. Adájọ́ ìpàtẹ kò ní fún wọn ní máàkì kankan. Àwọn tó ń wá láti Amẹ́ríkà wò wọ́n, ìdí lẹbẹ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò.